Ṣọ́tà Yashica bàbá mi ò dún mọ́, kí ni kí n ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Yashica-Mat 124G ni bàbá mi fi ń ya fọ́tò ní Òṣogbo nígbà ayé wọn, èmi ni kámẹ́rà yẹn kàn nígbà tí a pín ẹrù wọn. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nínú àpótí. Tí mo bá tẹ bọ́tìnì ẹ̀ báyìí kò dún rárá, ojú ẹ̀, ìyẹn ṣọ́tà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ò sì ṣí. Ẹnì kan ní kí n ra bátìrì tuntun, ẹlòmíì ní kí n fín WD-40, ọ́ìlì inú agolo yẹn, sí i. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Jọ̀ọ́ má fín nǹkan kan sí i, WD-40 yẹn gan-an ló máa sọ iṣẹ́ kékeré di ńlá. Bátìrì ò sì kàn án rárá. Àwọn kámẹ́rà bíi Canon AE-1 ni ṣọ́tà wọn kì í ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì, ti 124G irin àti sípíríǹgì ló ń gbé e, míta tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń lo bátìrì, torí náà tọ́jú owó ẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí wàá wò ni nọ́ńbà tó ń ka fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Tí wọ́n bá ti ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, nọ́ńbà yẹn máa ń padà síbẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀, tó o bá wá rí 5 tàbí 9 níbẹ̀, á jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí fíìmù ṣì wà nínú ẹ̀, ó sì lè jẹ́ fọ́tò tí bàbá yà kẹ́yìn nìyẹn o. Má ṣí i! Dúró di alẹ́, wọ yàrá tí kò ní fèrèsé, pa gbogbo iná, fi fóònù sílẹ̀ níta, kó o wá ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nínú òkùnkùn, fi ọwọ́ yí bébà fíìmù náà mọ́ igi ẹ̀ títí táá fi tán, dì í mú dáadáa kó má baà tú, kó o fi fọ́ìlì wé e kó o tó tan iná. Mo ti rí ẹni tó ṣí tiẹ̀ nínú oòrùn, ó dùn mí ju bí ṣọ́tà ṣe bàjẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, yí ọwọ́ tó ń fa fíìmù síwájú títí táá fi dúró, kó o dá a padà sẹ́yìn, torí tí kò bá tíì lọ kó bọ̀, bọ́tìnì ò ní ṣiṣẹ́. Tó bá le, fi sílẹ̀, má fi agbára yí i. Wo òrùka tó yí bọ́tìnì ká náà, tó bá wà ní L, wọ́n tì í ni. Kó o tún wo ọ̀pá self-timer (èyí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó ya fọ́tò), tó bá dúró sí agbede méjì, rọra tì í lọ sí ibi tó yẹ kó parí sí.

Tí gbogbo ìyẹn bá wà bó ṣe yẹ, á jẹ́ pé ọ́ìlì ni. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbé wá bá mi kò bàjẹ́, wọ́n kàn lẹ̀ ni. Ewé irin tó tinrin bíi bébà ló wà nínú ṣọ́tà yẹn, wọ́n gbé ara wọn gùn, gbígbẹ ló yẹ kí wọ́n máa wà. Ooru abẹ́ páànù ló ń yọ́ gíríìsì àtijọ́ tó wà lára kámẹ́rà, á wá rọra fà dé orí ewé yẹn, ọjọ́ ń lọ, ó di gọ́ọ̀mù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọ́ìlì kún un.

Lẹ́ǹsì méjì ló wà níwájú ẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ló ń ya fọ́tò, ìyẹn ni wàá tú. Èmi máa ń gé rọ́bà sílípáàsì, mo gbẹ́ ihò sí àárín ẹ̀ kó má baà kan gíláàsì, mo fi tẹ etí lẹ́ǹsì, mo yí i sápá òsì, odindi iwájú ẹ̀ á jáde, má tú gíláàsì inú ẹ̀ síra wọn o. Wàá wá rí ewé yẹn. Fi igi òwú tí a fi ń nu etí kan lighter fluid díẹ̀ (èyí tí wọ́n ń rọ sínú láítà, tó jẹ́ omi, kì í ṣe gáàsì, kì í ṣe pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì), kó má kán tótó, torí tó bá pọ̀ ó máa gbé ìdọ̀tí lọ sórí gíláàsì ẹ̀yìn. Nu ún, yí ọwọ́, tẹ bọ́tìnì, fi òwú tuntun nu ún, tún ṣe é, ó lè tó ogún ìgbà kó tó já. Ṣí fèrèsé, má sì jẹ́ kí iná wà nítòsí. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó o tó dá lẹ́ǹsì padà, torí ó lè tún lẹ̀ tó bá gbẹ, tó bá rí bẹ́ẹ̀ wàá tún un nù.

Tí ìyára 1/125 àti 1/250 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ṣọ́tà fi ń ṣí) bá ń dún dáadáa ṣùgbọ́n tí 1 àti 1/2 ń há, jíà kéékèèké tó ń dá a dúró ló dọ̀tí, ìyẹn wà nísàlẹ̀, gbé e fún oníṣẹ́. Kó tó dìgbà yẹn, ra fíìmù 120 kan (irú fíìmù tí kámẹ́rà yìí ń lò), fọ́tò méjìlá ló máa yà, jáde sínú oòrùn kó o máa lo 1/125.