Ṣé Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Oúnjẹ Jẹ Lè Jẹ Kéèkì? Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà púpọ̀ ló wọlé lórí bí ẹni tó ń dín ìwọ̀n ara kù ṣe lè máa jẹ ohun tó wù ú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A kó àwọn tó jọra pọ̀. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wa, àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ ń lo 2,200 kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) lóòjọ́, tó sì ń jẹ 1,700, ni a mú. Tiyín lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò náà ni kí ẹ dì mú.

Ìbéèrè: Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, mi ò fẹnu kan ohun dídùn kankan. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jẹ ẹyọ kéèkì kan níbi ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo délé, mo ní gbogbo rẹ̀ ṣáà ti bàjẹ́, mo bá ń jẹ lọ títí mo fi sùn. Ṣé kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ kankan láti padà sí. Oúnjẹ tó kàn ni kí ẹ jẹ, ní àsìkò rẹ̀, ní ìwọ̀n tí ẹ ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kéèkì tó wúwo tó 80 gíráàmù máa ń ní bíi 300 kálórì. Ẹni inú àpẹẹrẹ wa ń fi 500 dín lóòjọ́, nítorí náà kéèkì yẹn kò tó láti gba èrè ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ jẹ nílé, lẹ́yìn tí ẹ ti sọ pé ó ti bàjẹ́, ló pọ̀.

Àwọn onímọ̀ ti mọ ìwà yìí tipẹ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1975, Peter Herman àti akẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn kan ní ohun mímu oníwàrà tó dùn, lẹ́yìn náà wọ́n gbé áísìkíríìmù síwájú wọn pé kí wọ́n tọ́ ọ wò. Àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ kò jẹ áísìkíríìmù náà púpọ̀ mọ́, torí ohun mímu ti gba àyè díẹ̀ nínú wọn. Àwọn tó ń ṣọ́ra gan-an ló jẹ púpọ̀ sí i. Lójú tiwọn, òfin ti já, wọn kò sì rí ìdí tí wọ́n fi tún gbọ́dọ̀ kó ara wọn níjàánu lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà la fi ń bẹ̀ yín: ẹ má ṣe òfin pé ẹ kò ní fẹnu kàn án láé. Òfin tó ní ìwọ̀n ni kí ẹ ṣe.

Èyí tí a fọwọ́ sí ni pé kí ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti ìgbádùn. 1,700 lọ́nà 7 jẹ́ 11,900. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 1,190. Ó tó fún ẹyọ kéèkì kan (300), áísìkíríìmù 100 gíráàmù lẹ́ẹ̀mejì (bíi 400), ṣokoléètì oníwàrà 25 gíráàmù lẹ́ẹ̀mejì (bíi 270) àti ìgò bíà 330 mílílítà kan (bíi 140), díẹ̀ á sì tún ṣẹ́ kù. Inú 11,900 ni 1,190 yìí wà o, kì í ṣe orí rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò nìyẹn: wọ́n á jẹ 1,700 wọn pé, wọ́n á wá kó ìgbádùn lé e.

Ìbéèrè: Níbi tí mo ti ń ṣe eré ìmárale, wọ́n ní kí n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí màá máa jẹ ohunkóhun tó bá wù mí, pé ó ń jẹ́ kí ara túbọ̀ máa jó ọ̀rá. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ inú rẹ̀ kéré púpọ̀. Ara máa ń lo agbára láti da oúnjẹ, ó máa ń tó bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a jẹ. Bí ẹ bá fi 2,500 kálórì kún oúnjẹ yín lọ́jọ́ náà, bíi 250 ni yóò bá iṣẹ́ dídà lọ. 2,250 yòókù wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Ọjọ́ mẹ́fà ní ìdín 500 jẹ́ 3,000. Lọ́jọ́ keje, ẹni náà jẹ 4,200, ìyẹn 2,000 ju ohun tí ara rẹ̀ ń lò lọ. Ó ku 1,000. Kílógíráàmù kan ọ̀rá ara jẹ́ bíi 7,700 kálórì, nítorí náà ọ̀rá tí ì bá fi bíi 450 gíráàmù dín, ká ní ọjọ́ méjèèje ló fi 500 dín, fi 130 péré dín. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi sẹ́ra, ọjọ́ kan ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. 4,200 kò sì ṣòro láti dé: oúnjẹ dídín méjì, ọtí díẹ̀ àti ìpápánu alẹ́ ti tó o.

Oúnjẹ kan ṣoṣo la fẹ́, kì í ṣe ọjọ́ kan. Oúnjẹ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Ọjọ́ kan kò ní òpin àyàfi tí ẹ bá sùn. Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán yín bó ṣe máa ń rí, kí purotéènì àti ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú wọn. Ẹ má febi pa ara yín de alẹ́, torí ẹni tí ebi ń pa kì í lè dá ìwọ̀n mọ̀. Tí ẹ bá dé ìdí oúnjẹ ìgbádùn yẹn, ẹ mú ẹyọ kan nínú mẹ́ta: ọtí, oúnjẹ dídín, tàbí ohun dídùn ìparí oúnjẹ. Ẹni tó bá mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rí i pé ìpín ọ̀sẹ̀ kan ti tán lórí ìjókòó kan.

Ìbéèrè: Mo jẹun dáadáa níbi ayẹyẹ kan, nígbà tí mo gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti fi 1.6 kílógíráàmù tẹ̀wọ̀n sí i. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé kí n gbààwẹ̀ ni, àbí kí n lọ sáré?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Kí 1.6 kílógíráàmù tó lè jẹ́ ọ̀rá, ẹ ní láti jẹ ju 12,000 kálórì lọ lórí ohun tí ara yín ń lò. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ara máa ń kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, èyí tí wọ́n ń pè ní glycogen, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú. Ẹni tó ń dín oúnjẹ kù, ilé ìpamọ́ yìí kì í kún. Bó bá jẹun yó lọ́jọ́ kan, yóò kún padà tòun ti omi rẹ̀. Iyọ̀ oúnjẹ ayẹyẹ ń fa omi mọ́ra pẹ̀lú, oúnjẹ tí kò tíì kúrò nínú ìfun sì ní ìwúwo tirẹ̀. Tí ẹ bá padà sí oúnjẹ yín, ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ má gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ebi ààwẹ̀ ló máa ń bí àjẹjù alẹ́, tí àjẹjù á tún bí ààwẹ̀ mìíràn. Ìrìn kíkánkán wákàtí kan fún ẹni 70 kílógíráàmù ń lo bíi 300 kálórì. Ó dára fún ọkàn àti oorun, ẹ rìn ín nítorí ìyẹn. Bó bá dìgbà tí ẹ ń fipá bì, tàbí tí ẹ ń lo oògùn ìyàgbẹ́ nítorí oúnjẹ tí ẹ jẹ, dókítà ni kí ẹ lọ bá lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti òṣùwọ̀n, ẹ gùn ún láàárọ̀, lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, kí ẹ tó jẹun. Ẹ ro ti ọjọ́ méje pọ̀, kí ẹ fi 7 pín in, kí ẹ fi èyí wé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Ìbéèrè: Mo ra bísíkíìtì pé ẹyọ méjì ni màá jẹ. Mo máa ń jẹ gbogbo páálí rẹ̀ tán. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ ẹ́ láti inú páálí. Ẹ kó ẹyọ méjì sínú àwo, ẹ dí ìyókù, ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti mú un, kí ẹ tó jókòó. Ẹ pa fóònù tì. Ẹ jẹ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí inú ti kún díẹ̀. Ó máa ń tó bíi ogún ìṣẹ́jú kí ara tó mọ̀ pé òun ti yó, ẹni tó bá sì fi òfìfo inú bẹ̀rẹ̀ bísíkíìtì á ti jẹ mẹ́wàá kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé.

Àwọn oúnjẹ kan wà tí ọgbọ́n yìí kò ní ṣiṣẹ́ lórí wọn fún yín. Irú ìyẹn, ẹ má mú un wọlé fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jáde lọ jẹ ẹyọ kan níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ẹyọ kan, kí ẹ padà wálé.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń jẹ oúnjẹ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ kò lè dá ara yín dúró, tí ojú sì ń tì yín lẹ́yìn náà, tó sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àìsàn ni. Kì í ṣe ìwọra. Ó ní ìtọ́jú, ìdín-oúnjẹ-kù sì lè mú un le sí i, nítorí náà ẹ dá a dúró ná títí ẹ ó fi rí dókítà.

Ìbéèrè: Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe mí, insulin ni mò ń lò. Ṣé ìdá kan nínú mẹ́wàá yìí kàn mí?

Ìdáhùn: Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, àti kí ẹ tó dín oúnjẹ kù pàápàá, torí oúnjẹ tó dín láìdín insulin lè mú kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Gbogbo adùn tí mò ń jẹ ni mò ń kọ sílẹ̀, kò sì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí òṣùwọ̀n kò mira.

Ìdáhùn: Ó jọ pé adùn kọ́ ló ń dí yín lọ́wọ́. Ṣíbí ńlá òróró kan jẹ́ bíi 120 kálórì, ìkòkò tí a dà á sí láìwọ̀n sì lè gba mẹ́rin. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, bíi 30 gíráàmù, tó 170. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò alásúgà 330 mílílítà ní bíi gíráàmù ṣúgà 35, ìyẹn 140 kálórì, kì í sì í mú yó. A tún wá ní ìtọ́wò ìdí iná àti àjẹkù ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀. Ẹ wọn òróró yín, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu wọlé fún ọjọ́ méje, kí ẹ tó fọwọ́ kan adùn ẹ̀ẹ̀mejì yẹn.