Ọmọ mi ní òun ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nítorí Ọbabìnrin Hawaii

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Texas là ń gbé, ọmọ Adó-Èkìtì ni èmi àti ọkọ mi. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 13, kọ́ ìtàn Hawaii ní iléèwé. Ó délé, ó ní àwọn ọmọ míṣọ́nnárì ló gba ìjọba lọ́wọ́ ọbabìnrin wọn, pé ẹ̀sìn àwọn tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni à ń sìn. Ó tún bi mí pé kí ló dé tí Ewì, ọba Adó wa, ń jẹ́ Rufus. Bàbá rẹ̀ ní ká fipá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fipá mú un. Òótọ́ lọ́mọ yín sọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1893, àwọn oníṣòwò àti olóko ìrèké lé Liliʻuokalani, ọbabìnrin Hawaii, kúrò lórí ìtẹ́; ọjọ́ tó ṣáájú ni àwọn sójà Amẹ́ríkà tó lé ní 160 ti sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ìbọn. Sanford Dole tó di olórí ìjọba wọn, ọmọ míṣọ́nnárì ni. Lorrin Thurston tó wà nídìí ọ̀tẹ̀ náà, ọmọ-ọmọ míṣọ́nnárì ni. Ẹ gbà á fún un. Bó bá rí i pé ẹ̀ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, kò ní gbọ́ ìyókù.

Ìyókù yẹn ló ṣe pàtàkì. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́ ọbabìnrin yìí níwèé, òun ló sì ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Kawaiahaʻo. Ní 1895 tí wọ́n tì í mọ́ yàrá kan nínú ààfin ara rẹ̀, orin àdúrà ló kọ, ó ní kí Olúwa má wo ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn, kó dárí jì wọ́n. Mo máa ń sunkún tí mo bá rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò torí ìdáríjì gbé ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: ó gba Washington lọ láti bá wọn jà á. Ní 1897 ló sì tẹ Kumulipo jáde, oríkì ìwáṣẹ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń ké, tí òun fúnra rẹ̀ tú sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gba ààfin lọ́wọ́ rẹ̀; kò jẹ́ kí wọ́n gba Ọlọ́run mọ́ ọn, kò sì jẹ́ kí wọ́n gba oríkì.

Tiwa ńkọ́? Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí mi sí. Kì í ṣe òyìnbó ló yí ìlú wa padà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni, ọmọ Yorùbá tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì kó tó gbọ́ ìpè. Ní 1930 Aláayè, ọba wa, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ní 1932 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní Benin. Ẹ̀fọ̀n ni sàréè rẹ̀ wà títí dòní. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín, torí ó ń rò pé àwọn tó gba ilẹ̀ nìkan ló ni Jésù.

Ẹ sọ èyí tó ń dùn mí náà fún un. Nínú ìsọjí tí Babalọlá ṣe, wọ́n dáná sun ère òrìṣà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìlú agbẹ́gilére sì ni Ẹ̀fọ̀n. Agbọ́nbíọ̀fẹ́ tó gbẹ́ àwọn òpó ààfin, ọmọ wa ni. Ohun tí ọbabìnrin yẹn di mú lábẹ́ títìmọ́lé, àwa fúnra wa jù ú sínú iná, kò sí òyìnbó tó yìnbọn sí wa. Níbẹ̀, ọmọ yín lè bá wa wí, kò sì ṣẹ̀.

Ní ti Ewì, ẹ fi fọ́tò ọdún Ùdìròkò hàn án, kó rí ẹni tó ń jẹ́ Rufus nínú adé ìlẹ̀kẹ̀.

Àkọ́bí tèmi jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi fún oṣù mẹ́rin ní Kánádà níbí. Mi ò bá a jà. Màmá mi ni mo pè lórí fídíò, mo gbé fóònù fún un, mo sì kúrò níbẹ̀. Ẹ pe Adó. Kí àwọn àgbà sọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú agboolé yín fún un, àti ohun tí onítọ̀hún ní láti jù nù kó tó wọlé.