Báwo ni ojú irin ṣe sọ Òṣogbo di ìlú ọjà, níbo ni mo sì ti lè ka ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ọdún 1907 ni ojú irin tó ti Èkó wá, tó gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kọjá, wọ Òṣogbo. Kí ó tó dé, orí alárù ni ẹrù àgbẹ̀ máa ń gbà dé etí òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó wá kọ́ ilé ìtajà sí tòsí ibùdókọ̀, wọ́n ń ra ẹ̀kùrọ́, òwú àti kòkó, wọ́n sì ń ta aṣọ àti iyọ̀ fún àwọn tó gbé irè oko wá. Títì ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Station Road títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba ti ẹni tó bá sọ pé ojú irin ló dá ìlú yìí sílẹ̀, nítorí Òṣogbo ti wà tipẹ́ kí ogun Jálumi, tí àwọn ará Ìbàdàn jà ní Ìkìrun ní ọdún 1878, tó wáyé.

Ní ti ìwé kíkà, ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, ó sì ṣe àlàyé ogun náà. Ojú ewé UNESCO sọ̀rọ̀ nípa igbó Ọ̀ṣun, tí wọ́n fi kún ogún àgbáyé ní 2005. Bí ẹ bá ń wá ìwé àti àwòrán àtijọ́ nípa rélùwéè, “Oshogbo” ni kí ẹ tẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ìgbà náà ṣe ń kọ ọ́.