Ẹ ka iná mítà kí ẹ tó dá mítà lẹ́bi

Ẹ ní yúníìtì tó ń tó yín lóṣù kan tẹ́lẹ̀ kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú, pé híítà omi onílítà 50 kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yín ní Ọ̀bà-Ilé, àti pé ẹnìkan ti ní kí ẹ lọ béèrè mítà tuntun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mítà sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká mọ iye tó yẹ kí híítà jẹ, ká tó mọ iye tó ń jí jẹ.

Kí lítà omi kan tó fi dígírì kan gbóná sí i, wáàtì-wákàtí 1.16 ni yóò jẹ (1,000 wáàtì-wákàtí ni yúníìtì kan). Omi táńkì ìta láàárọ̀ ọyẹ́ lè wà ní dígírì 20. Láti ibẹ̀ dé 60, lítà 50 yóò jẹ yúníìtì 2.3. Tó bá jẹ́ ₦209.50 ni wọ́n ń gbà lórí yúníìtì kan ní Band A yín, tí VAT 7.5% sì gun orí rẹ̀, ó di bíi ₦225. Táńkì kan tó gbóná tán, bíi ₦520 nìyẹn. Tí ẹ bá fi omi tútù là á, á tó garawa onílítà 20 mẹ́rin, á tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Fún ènìyàn mẹ́rin tó ń fi omi gbígbóná wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ máa retí bíi yúníìtì 70 lóṣù. Tí ti yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, ó níbi tó ń gbà lọ.

Lọ́jọ́ tí iná bá dúró dáadáa, ẹ pa gbogbo brékà inú bọ́ọ̀dù, ẹ ṣẹ́ ti híítà nìkan kù. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó ń ṣẹ́jú. Iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú fún yúníìtì kan wà lára mítà: lọ́pọ̀ ìgbà 1000 imp/kWh ni, àwọn mìíràn jẹ́ 1600. Lórí 1000, híítà oní 1500 wáàtì yóò mú un ṣẹ́ tó ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí fóltéèjì bá já wálẹ̀ sí 180, kò ní ju bíi 15 lọ. Àwọn èèyàn a máa ní iná tí kò lágbára ló ń jẹ yúníìtì. Fún híítà, kò rí bẹ́ẹ̀. Omi á kàn pẹ́ kó tó gbóná ni, iye yúníìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí omi. Tí fóltéèjì bá pé, kó tó wákàtí méjì, ó yẹ kí thermostat, ìyẹn ohun tó ń dá híítà dúró tí omi bá ti gbóná tó, já iná, kí iná pupa mítà sì dákẹ́. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú lọ ní 25, thermostat ti lẹ̀ mọ́ra, tàbí kí oníṣẹ́ kan ti fò ó. Ẹ pa brékà, ẹ fi tẹ́sítà rí i dájú pé iná ti lọ, kí ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀. Wáyà kékeré kan tó so ẹsẹ̀ thermostat méjèèjì pọ̀ ni ẹ ń wá. Tí thermostat bá ti bàjẹ́, àwọn oníṣẹ́ mìíràn á fi wáyà bẹ́ẹ̀ fò ó kọjá kí omi ṣáà lè gbóná, wọn á gbowó, wọn á lọ. Híítà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Á hó omi títí, tí fáàlù ààbò ẹ̀gbẹ́ páìpù omi tútù bá sì ti dí, táńkì lè bú gbàù. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ra thermostat tó bá híítà yín mu. Bọ́tìnnì pupa kékeré tó wà lára àwọn kan, ààbò ìgbóná àpọ̀jù nìyẹn. Tó bá ń já lemọ́lemọ́, ẹ má kàn máa tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Nígbà tí ẹ ti ṣí i, ẹ fi mítà ọwọ́ (multimeter) wọn element, irin tó ń mú omi gbóná, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà rẹ̀. Ti 1500 wáàtì yẹ kó jẹ́ bíi 35 ohm, ti 2000 bíi 26. Láàárín ẹsẹ̀ element àti ara táńkì, kò yẹ kí mítà ọwọ́ rí ọ̀nà kankan tí iná lè gbà. Tó bá ka iye ohm kan, tàbí 0 pàápàá, element ti ya, iná ń wọ inú omi. Èyí ló máa ń da àwọn èèyàn lójú rú jù: tó bá jẹ́ pé neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) ni swíìsì híítà ń já dípò live (wáyà tó ń gbé iná wá), element tó ya yóò máa da iná sílẹ̀ gba wáyà ilẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí ẹ tilẹ̀ ti pa swíìsì. Iná pupa mítà á máa ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ rò pé kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Swíìsì 20A tó ń já live àti neutral papọ̀ ni kí wọ́n fi síbẹ̀.

Èérí funfun tí omi borehole máa ń lẹ̀ mọ́ element, òun kọ́ ló ń jẹ owó yín. Ooru element kò ní ibòmíràn tó lè lọ ju inú omi lọ. Ohun tí èérí ń ṣe ni pé á jó element yẹn kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹ ha á kúrò, ẹ wo ọ̀pá magnesium inú táńkì tó ń gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti jẹ tán.

Ẹnu ẹ̀rọ (tap) omi gbígbóná tó ń kán tó ń kán ńkọ́? Ẹ gbé ìgò 50cl sábẹ́ rẹ̀. Tó bá kún láàárín ààbọ̀ wákàtí, lítà 24 ni lójúmọ́, ó ju yúníìtì kan lọ, ó tó bíi ₦7,500 lóṣù. Rọ́bà kékeré kan ni àtúnṣe rẹ̀.

Tí híítà bá sì wà ní títàn tọ̀sán-tòru, ara táńkì nìkan lè tú bíi yúníìtì kan dànù lójúmọ́, pàápàá tí fóòmù inú rẹ̀ bá ti gbó. Ẹ tàn án ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú ìwẹ̀, ẹ pa á kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìwẹ̀. Ẹni tó ń dá wẹ̀ kò tiẹ̀ nílò rẹ̀: kẹ́túlù onílítà 1.7 lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ fi omi tútù là, á fún un ní bíi lítà 12, á sì jẹ bíi ìdá kan nínú mẹ́ta yúníìtì kan. Àmọ́ ríńgì tí wọ́n ń rì bọ garawa, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ omi.

Tí ẹ bá wá pa gbogbo brékà pátá, tí iná pupa ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ wo wáyà tó wà láàárín mítà àti bọ́ọ̀dù bóyá ẹnìkan ti so mọ́ ọn. Tí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí BEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín, kí wọ́n wá wọn mítà náà.