Fi rédíò sílẹ̀ ná, kí etí èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ wọn

Àbúrò, o ní o fẹ́ polówó àwọn ẹgbẹ́ olórin rock àti metal (orin gìtá oníná tó máa ń dún kíkankíkan) tó ń dá ṣe tiwọn ní Àbújá, Jos àti Kàdúná, o wá ń béèrè bóyá rédíò ni kó o kọ́kọ́ gbé orin wọn lọ. Má tíì lọ.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Kubwa tí mo bá ṣe kòkáárí. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ká gbé orin wá, a gbé e lọ. Wọ́n ní ká kọ̀wé, a kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀gá tó ń bójú tó orin wà ní ìpàdé, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn! Ìgbà tí ọ̀gá jàjà gbọ́ orin, kò tíì dé ibi tí olórin ti la ẹnu dáadáa tó fi ní ká pa á. Ó ní ṣé ti ẹgbẹ́ òkùnkùn kọ́ lèyí, kí ló ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ń pa? Bẹ́ẹ̀, owó ilé àti iná tí kò sí lọmọ náà ń kọrin lé lórí. Mo tẹ ọ̀rọ̀ orin náà sórí ìwé fún un, kò wò ó. Ó ní ògbógi kan máa bá wa tún un ṣe kó lè dùn létí aráàlú. Ògbógi gbowó, ó yọ gìtá dànù, ó fi ìlù kọ̀ǹpútà sí i, orin wá jọ ti gbogbo ayé. Wọn ò sì gbé e sáfẹ́fẹ́ náà! Ibẹ̀ ni onígìtá wa ti gbé gìtá rẹ̀ tà. Tó o bá ṣáà fẹ́ rédíò, atọ́kùn ètò òru ni kó o wá, má wá ọ̀gá.

Wo Mdou Moctar, onígìtá kan, ọmọ ẹ̀yà Tuareg tó ń gbé aṣálẹ̀, láti orílẹ̀-èdè Niger (kì í ṣe ìpínlẹ̀ Niger tiwa níbí o), Sókótó ló ti gba àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 2008. Orí fóònù lorin yẹn gbà tàn ká aṣálẹ̀, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló sì fi ṣe okùn gìtá tó kọ́kọ́ kàn fúnra rẹ̀. Lónìí, wọ́n ń pè é ṣeré ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún ẹ pé gìtá oníná kì í ṣe ti Àríwá.

Àwọn òbí náà á yọ ẹ́ lẹ́nu. Màmá ọmọ tó ń lùlù fún wa ní Nyanya ní orin òyìnbó ti fẹ́ ba ọmọ òun jẹ́. Mo ní Mà, 1973 ni ẹgbẹ́ olórin BLO ti gbé àwo rock jáde ní Èkó, tí Laolu Akins ń lu ìlù. Ọdún yẹn náà ni Ofege, àwọn ọmọ ilé ìwé girama St. Gregory's, ṣe tiwọn. Wọ́n kàn wò mí ni.

Dípò rédíò, fi fóònù gba orin àwọn ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, má gbé e sún mọ́ amplifier (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè), fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn lórí WhatsApp. Kọ ìlú wọn àti èdè tí wọ́n fi ń kọrin sí i. Má pe gbogbo wọn ní metal o, ẹni tó wá gbọ́ death metal (metal tí wọ́n ń bú ramúramù kọ) tó bá rock jẹ́jẹ́ á bínú sí ẹ.

Lọ́jọ́ eré, àwọn tó ń yáni ní sípíkà fún òde ìgbéyàwó, dúró tì wọ́n, torí wọ́n á fa gìtá wálẹ̀ kí ohùn olórin lè yọ, bí ẹni pé orin ìjọ ni. Gba àdéhùn gbọ̀ngàn lórí ìwé, pẹ̀lú aago tí ariwo máa dópin. Máníjà kan fa wáyà wa yọ láàárín orin, ó láwọn àlejò òun ń sùn, owó wa sì ti wà lápò rẹ̀. Tó bá jẹ́ Kano lò ń lọ, ìjọba ibẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù àti orin wò, kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ní gbọ̀ngàn òun ní jẹnẹrétọ̀, ní kó tan án lójú ẹ kó o tó sanwó.