Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ló Ba RNA Ewé Àgbàdo Wa Jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń wá jíìnì (ìtọ́ni àjogúnbá) tí àgbàdo fi ń fara da ọ̀dá. A já ewé lóko láàárọ̀, a kó o sínú ọ̀rá, ó dé yàrá àyẹ̀wò lọ́sàn-án. Wọ́n ní DNA rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n RNA rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí ló fà á? Ṣé DNA náà ò tó wa lò ni?

ÌDÁHÙN: Òjò rọ̀ o, ọ̀dá dá o, DNA àgbàdo yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo jíìnì rẹ̀, kò yí padà. RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí jíìnì ń mú jáde nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ló ń fi hàn èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn jíìnì náà lásìkò tí ẹ já ewé. Bí jíìnì bá ti di mímọ̀, tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ṣa irúgbìn tó gbé e, DNA nìkan ti tó. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Sub1A nìyẹn, jíìnì tí ìrẹsì fi ń fara da bí ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ omi. Ẹ̀yin ṣì ń wá tiyín, RNA lẹ nílò.

Inú ọ̀rá yẹn ni nǹkan ti bàjẹ́. Ewé fúnra rẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé RNA wẹ́wẹ́, ó sì wà lára awọ ọwọ́ wa náà. Èyí tó burú jù ni pé, ká tilẹ̀ ní RNA náà yè é, irọ́ ni ì bá pa fún yín. Ewé tí a já kò rí omi fà mọ́. Bó ṣe ń rọ ni àwọn jíìnì ọ̀dá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀, títí kan ewé àgbàdo tí ẹ bomi rin dáadáa. Ọ̀dá inú ọ̀rá lẹ máa wọ̀n, kì í ṣe ti oko.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ gé bíi mílígíráàmù 100, ẹ fi fóìlì wé e, kí ẹ jù ú sínú náítírójìn olómi (−196°C) kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ má dé ìgò náítírójìn náà pa o, gáàsì rẹ̀ lè bẹ́ ẹ. Ewé ipò kan náà ni kí ẹ gé, ní wákàtí kan náà, torí iṣẹ́ jíìnì láàárọ̀ yàtọ̀ sí tọ̀sán. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí −80°C. Kí ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ fi náítírójìn mú odó tutù. Bí ìyẹ̀fun bá yọ́ kó tó kan èròjà tó ń pa ẹ́ńsáìmù, ó ti tán nìyẹn.

Ó kéré tán, ìdí àgbàdo mẹ́ta fún tomi, mẹ́ta fún tọ̀dá. Ewé mẹ́ta lára ìdí kan ṣoṣo, ẹyọ kan ló jẹ́.

Bí ìwọ̀n A260/280 (ìfiwéra bí RNA ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì mọ́ra) bá jẹ́ 2.0, mímọ́ RNA nìyẹn ń sọ, kò sọ pé kò já. RIN ni nọ́ńbà tó ń sọ bí RNA ṣe wà lódindi tó; 7 sókè la máa ń fẹ́. Ṣùgbọ́n RNA kílóróplásìtì (ibi tí ewé ti ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ) inú ewé lè fa nọ́ńbà yìí wálẹ̀, nítorí náà ẹ wo àwòrán àbájáde àyẹ̀wò náà gan-an kí ẹ tó da RNA náà nù.