Ajá dúdú, bàbá ọdẹ àti fọ́tò kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ ní Kétu ní ajá dúdú kan, Tanímọ̀la, tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì ya fọ́tò tó dáa kí ajá náà tó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi fóònù yà wọ́n. Ajá náà kàn dúdú bí èédú ni, kò lójú, kò nímú. Nígbà tí mo tan iná fóònù sí i, ojú rẹ̀ ń tàn bí ewé tútù. Ṣé kí n kó wọn wá bá yín ní ilé fọ́tò yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ má kó wọn wá. Ajá àgbà tó bá wọ ọkọ̀ láti Kétu dé ọ̀dọ̀ mi máa yọ ahọ́n síta kó tó sọ̀ kalẹ̀, ilé tí kò mọ̀ ló sì máa wọ̀. Ẹ̀rù ni fọ́tò náà máa gbé jáde, kì í ṣe ajá tí bàbá yín mọ̀. Ilé yín gan-an ni kí ẹ ti yà wọ́n.

Kí ló wà lẹ́yìn wọn nínú fọ́tò mẹ́ta yẹn? Mo fura pé ògiri funfun ni, tàbí kí bàbá wọ aṣọ funfun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe lára ajá. Kámẹ́rà kò mọ ajá yàtọ̀ sí ògiri. Gbogbo ohun tó bá rí ló ń pò pọ̀, tó sì fẹ́ kó wà ní agbedeméjì, bí àwọ̀ eérú. Tí funfun bá pọ̀ níwájú rẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, dúdú á sì rì pátápátá. Tí ẹ bá wá sún mọ́ ajá dúdú débi pé òun nìkan ló kún inú fọ́tò, á bu ìmọ́lẹ̀ kún un, ajá á di eléérú.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ya ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun pẹ̀lú ajá dúdú rẹ̀, níwájú ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn. Agbádá yẹn hàn débi pé ẹ lè ka òwú tí wọ́n fi ṣe ọnà ọrùn rẹ̀. Ibi tí ajá wà dà bí ihò. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ajá yẹn kú, olówó rẹ̀ sì padà wá béèrè bóyá mo ní fọ́tò mìíràn. N kò ní. Láti ọjọ́ náà, ohun tó wà lẹ́yìn ajá ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo ajá.

Ẹ wá ògiri amọ̀ pupa, kò wọ́n ní Kétu. Kí bàbá jókòó sórí àpótí létí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òjìji parí sí, kí àwọn àti ajá kọjú síta, kí ògiri fi bíi mítà méjì jìnnà sẹ́yìn wọn. Kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá díẹ̀, torí dídán irun ló ń fi ìrísí ajá dúdú hàn: iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjìká. Tí ẹ bá rí ojú ọ̀run kékeré tó ń tàn nínú ẹyinjú Tanímọ̀la, ẹ ti débẹ̀. Ẹ̀wù ọdẹ ni kí bàbá wọ̀. Ẹ wo iṣẹ́ Leonce Raphael Agbodjelou, ayàwòrán Àjàṣẹ́ níbí, bó ṣe ń ya àwọn ará ìlú nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ pẹ̀lú aṣọ ọlọ́nà: àwọ̀ ara dúdú kì í sọnù níbẹ̀.

Ojú ajá ni kí ẹ fi ìka tẹ̀ lórí fóònù, kì í ṣe ojú bàbá. Àmì oòrùn á yọ. Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dúdú á fi padà di dúdú, tí ẹ ṣì ń rí irun. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà lẹ yá, ẹ má jẹ́ kí ìyára tó fi ń ṣí tó fi ń pa ojú rẹ̀ dé lọ́ra ju 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ, torí ajá tó ń mí helehele kì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fi ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sí f/5.6 kí ojú bàbá àti ojú ajá lè hàn kedere.

Ẹ pa iná fóònù. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ajá tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kó lè ríran lóru. Bàbá yín mọ̀ ọ́n jù mí lọ: òun náà ni ọdẹ ń rí lójú ẹran tó bá tan iná sínú igbó.

Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dáa jù. Ẹ kúnlẹ̀, kí kámẹ́rà bá ojú ajá dọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Kí bàbá má dì í mọ́ra. Kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká bí wọ́n ti máa ń ṣe. Tí ajá bá ń yán láìsí oorun, tó ń lá imú, tó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara ń ni í. Ẹ fún un lómi, kí ẹ sinmi.

Ewú tó ti hù ní ẹnu Tanímọ̀la, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Níbi tí ẹ bá sì ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rọ dá a mọ́lẹ̀ sí i, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà máa fẹ́ sọ ajá dúdú di eléérú.